Orí Keje: Mo-Ti-Mọ̀ àti Lẹ́tà Kẹtàlélógóje

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni iná orí tábìlì náà kọ sílẹ̀, ó sì pọ́n bí ata. Ìbíwùmí Olúgbọ́dì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé bí òun bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mẹ́jọ á tijú, á sì di mẹ́ta. Mẹ́jọ kò tijú. Ó jókòó síbẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta, nínú Gbọ̀ngàn Ìgbèjà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbèjà iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

“Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀,” ni Dókítà Bámgbàlà wí. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ, nítorí ìgbèjà márùn-ún mìíràn ṣì ń dúró dè é lọ́jọ́ náà. “Orí karùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, àti orí karùn-ún tí ẹ̀rọ ti kọ pamọ́ sínú àpótí láti oṣù tó kọjá, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n fi jọra. Mẹ́fà ni ààlà. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ènìyàn. Òfin ni.”

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò tóbi ju agolo bísíkíìtì lọ. Ìjọba pè é ní Ẹ̀rọ Àsọtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Mo-Ti-Mọ̀ ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ń pè é. Èèyàn á fi ọdún mẹ́rin kọ orí mẹ́rin, Mo-Ti-Mọ̀ á gbé e mì láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì ti kọ ìparí iṣẹ́ ọlọ́rọ̀ kí ọlọ́rọ̀ tó gbé gègé. Ìkà kọ́ ni. Kàkà kó ṣìkà, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn bó bá jẹun tán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Morádékẹ́ Sànyàolú, ìyá àgbà tó jẹ́ alága, fi ọwọ́ kan tábìlì. Irun rẹ̀ funfun bí òwú, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè.

“Ìbíwùmí, o mọ bó ṣe rí. O ní títí di aago mẹ́rin ọ̀sán. Lọ tún orí karùn-ún kọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ, pẹ̀lú gègé ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí mẹ́fà, Ọ̀mọ̀wé ni ọ́. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, a ó ti iṣẹ́ náà mọ́ yàrá ìsàlẹ̀, o kò sì ní lè forúkọ sílẹ̀ fún oyè yìí níbikíbi mọ́.”

“Mo gbọ́, mà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́fà tó fi ṣe iṣẹ́ náà ló gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kó ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó doríkodò kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀, ó sì jáde.

Iṣẹ́ tó kọ kò dá lórí nǹkan ńlá, àfi ìwé àdàkọ lẹ́tà kan. Láyé àtijọ́, akọ̀wé lẹ́tà kan wà ní Ìkìrun tí wọ́n ń pè ní Jeremáyà Ọlátẹjú. Iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé tábìlì sí. Ẹni tí kò mọ̀wé á wá jókòó tì í, á sọ tẹnu rẹ̀, Jeremáyà á kọ ọ́ ní Yorùbá sí ojú ewé òsì bó ṣe jáde lẹ́nu onítọ̀hún gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ojú ewé ọ̀tún. Lẹ́tà igba ó lé méjìlá ló wà nínú ìwé náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tó ga, tó gùn, tó ń forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tọrọ ìsinmi ọjọ́ méjì. Wọ́n ní akọ̀wé ń fi ìwé díẹ̀ tó kà fọ́nnu ni.

Ìbíwùmí fi òsì wé ọ̀tún, láti lẹ́tà kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni ìkíni. Ẹni tó rán akọ̀wé níṣẹ́ ti kọ́kọ́ kí ọ̀gá kú iṣẹ́, ó ti kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ti béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ, nítorí ọmọlúwàbí kì í ṣàdédé já lu ẹ̀bẹ̀. Jeremáyà kò fo ọ̀kankan. Ó ru gbogbo ìkíni yẹn sọdá sínú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì wú. Ìparí iṣẹ́ Ìbíwùmí ni pé olóòótọ́ ìránṣẹ́ ni ọkùnrin náà. Ohun tí Mo-Ti-Mọ̀ náà sì kọ nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúnjí Fáṣèyí, alábòójútó rẹ̀, lé e bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń jáde láti ara ògiri. Ó gbé ife omi kan lé e lọ́wọ́.

“Mu ún ná. Yí i.”

“Kí n yí kí ni, sà?”

“Ìparí ẹ. Dojú ẹ̀ bolẹ̀. Kọ ọ́ pé Jeremáyà da àwọn tó rán an níṣẹ́.”

“Kò dà wọ́n, sà.”

“Lẹ́tà kẹtàlélógóje ńkọ́?”

Ìbíwùmí dá omi dúró lẹ́nu. Obìnrin kan ló ni lẹ́tà yẹn. Ojú ewé òsì sọ pé kí wọ́n sọ fún ọkọ òun ní Kánò pé òun kò bọ̀ mọ́, kó má ṣe retí òun. Ojú ewé ọ̀tún, ní Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ara obìnrin náà kò yá, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ láìpẹ́. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ nìkan ni òsì àti ọ̀tún ti kẹ̀yìn síra. Ìbíwùmí ti fi í sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ní orí kẹrin, ìlà méjì péré.

“Ọ̀kan nínú igba ó lé méjìlá ni, sà.”

“Ọ̀kan ti tó. Ọkàn ẹ̀rọ ò lè lọ síbẹ̀. Kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ojúlówó Jeremáyà ti yọjú, pé gbogbo òótọ́ yòókù, ẹ̀tàn ni. Wàá bọ́ sí mẹ́ta, bóyá méjì. Ṣé o rántí Gbọ́láhàn? Ìwé ìtàn tí òjò rọ̀ nínú ẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, ó ní kò sí òjò kankan níbẹ̀. Méjì ni wọ́n fún un. Olórí ẹ̀ka ni báyìí.”

“Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, sà?”

“Oyè ni.” Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣèyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, èmi náà yí tèmi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí n ò gbà gbọ́. Mo ṣì ń jẹun. Mo ṣì ń sùn. Ibi tí ayé bá bá ni là á ti jẹ ẹ́.”

“Ṣé ẹ máa ń sùn dáadáa, sà?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣèyí gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti wù kí omi kù nínú rẹ̀ tó, ó sì padà wọlé. Ìbíwùmí fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ó lọ jókòó lórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó sì fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe Ìkìrun. Màmá Fẹ̀hìntọlá ló ń tọ́jú ìwé àdàkọ náà. Jeremáyà ni baba tó bí ìyá-ńlá rẹ̀. Ojú arúgbó náà yọ nínú dígí, ó súnmọ́ ọn tó jẹ́ pé iwájú orí nìkan ni èèyàn ń rí.

“Ìbíwùmí ọmọ Olúgbọ́dì! Wọ́n ti fi ọ́ jẹ oyè náà?”

“Ó kù díẹ̀, mà. Ẹ kú ilé, mà. Orúnkún yín ńkọ́?”

“Ó ń gbìyànjú.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́, mà? Tìtílọlá ti dé láti ìrìnàjò?”

“Ó ti dé. Kí ló ń ṣe ọ́? Ohùn rẹ ò lọ geerege.”

“Lẹ́tà kẹtàlélógóje ni, mà. Obìnrin tó ní òun ò padà sọ́dọ̀ ọkọ mọ́. Kí ló mú Bàbá kọ nǹkan mìíràn?”

“O ti bi mí rí.”

“Mo tún ń bi yín ni, mà. Ọ̀rọ̀ náà ti dójú ẹ̀ lónìí.”

Màmá fà sẹ́yìn díẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì wá hàn. “Ó dáa. Bóyá àánú ọkọ ló ṣe é. Bóyá obìnrin náà yí ọkàn padà kí wọ́n tó parí lẹ́tà. Bóyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni ọkọ. Bóyá ó ti mu ẹmu lọ́jọ́ náà. Èwo lo fẹ́ nínú ẹ̀?”

“Èyí tó bá jẹ́ òótọ́, mà.”

“A jẹ́ pé n ò ní in lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Tí mo bá mú ọ̀kan nínú ẹ̀ fún ọ, mo purọ́ mọ́ òkú nìyẹn, òkú ò sì lè jáde wá bá mi wíjọ́.”

Ìbíwùmí dúpẹ́, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì tẹ́ pépà sórí itan. Ó yọ gègé ilé-ẹ̀kọ́. Gègé yìí mọ ìka tó bá dì í mú, kò sì gbà kí èèyàn da nǹkan kọ láti ibòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi hàn bí Mo-Ti-Mọ̀ ṣe ń rí ọ̀rọ̀ náà bí èèyàn bá ṣe ń kọ ọ́. Aago méjìlá ti kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa jẹ: ọ̀nà tí Fáṣèyí là sílẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ̀. Ó kọ ọ́ pé Jeremáyà Ọlátẹjú dalẹ̀ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣàn. Irọ́ tó bá ti ní ẹ̀rí kan lẹ́yìn kì í ṣòro kọ. Kó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ìlẹ̀kẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé tútù, ó kọ mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè níbẹ̀ lóun nìkan. Ìyá rẹ̀ nílé ti ń pè é ní Dókítà láti ọdún tó kọjá, gbogbo àdúgbò sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bi í mọ́ pé ìgbà wo ló máa parí.

Ó tún ohun tó kọ kà, lẹ́tà kejìdínlọ́gọ́ta ló sì wá sí i lọ́kàn. Bàbá arúgbó kan tó fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dá ọmọ òun sílẹ̀ ló ni ín. Bàbá kí ajẹ́lẹ̀, ó kí ìyàwó rẹ̀ tó wà lókè òkun, ó sì ní kí wọ́n bá òun kí ẹṣin náà. Jeremáyà kọ ìkíni ẹṣin náà sínú lẹ́tà. Ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ nigín-nigín, níwájú ẹni tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó lè ya lẹ́tà náà, ó béèrè àlàáfíà ẹṣin ajẹ́lẹ̀, nítorí pé bàbá kan tí kò mọ̀wé ní kó béèrè rẹ̀.

“Òun ni mo wá fẹ́ pè ní ọ̀dàlẹ̀,” ni Ìbíwùmí sọ fún máńgòrò.

Inú bí i, sí ara rẹ̀ ju sí ẹnikẹ́ni lọ. Ó ya ojú ewé méjèèjì sí wẹ́wẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tún gbogbo orí náà kọ bó ṣe gbà á gbọ́, ó sì yọ lẹ́tà kẹtàlélógóje kúrò ní ìsàlẹ̀ ìwé tó ti fi í pamọ́ sí. Ó gbé e sí gbangba. Ó kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó kọ ohun tí Jeremáyà fi rọ́pò rẹ̀, ó kọ gbogbo ibi tóun ti wá ìdí rẹ̀ dé, ó sì parí rẹ̀ pé: n kò mọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ti tún pọ́n. Ó fi àtàǹpàkò bò ó mọ́lẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ewé méjìdínlógójì ló wà nílẹ̀, ìka rẹ̀ sì ti wú.

Méje ni iná orí tábìlì kọ.

“Ó mà ṣe o,” ni Dókítà Bámgbàlà wí, ó sì dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣèyí bo ojú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì lọ,” ni Ìbíwùmí wí. “Mo fẹ́ lo abala kọkànlá.”

“Abala kí ni?”

“Kọkànlá, sà. ‘Alága lè tẹ àtàǹpàkò lé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀, bí ó bá ti ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú akẹ́kọ̀ọ́.’”

Dókítà Bámgbàlà bú sẹ́rìn-ín. “Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin yẹn, ta ló lò ó rí?”

“Kò sẹ́ni, sà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.”

“Ó ku apá kan nínú rẹ̀,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sànyàolú wí. Kò rẹ́rìn-ín. “Bí ìgbìmọ̀ àgbà bá tako ìtẹ̀ka náà, oyè alága ni yóò lọ sí i. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n fi ogójì ọdún mi dúró fún ọ?”

“Rárá, mà. Kí ẹ kà á ni mo fẹ́. Tí ẹ bá kà á tán tí kò dáa, ẹ má tẹ nǹkan kan. Màá gbé báàgì mi, màá sì lọ sílé.” Ó ti ojú ewé méjìdínlógójì náà síwájú alága. “Ẹ má bínú sí mi, mà. Ọdún méjì ni mo fi kọ orí kẹta mi. Ta ló kà á?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣèyí ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n ti mọ iye tí ẹ̀rọ fún orí kẹta, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ó wà nínú fáìlì.

“Látúnjí,” ni alága wí, “bá mi mú awò ojú mi nínú àpò yẹn. Èyí tí mo fi ń kàwé.”

Eruku wà lára rẹ̀. Alága fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

“Mà, mo ní ìgbèjà mìíràn ní aago márùn-ún,” ni Bámgbàlà wí.

“Jókòó, Dókítà.”

Ó jókòó. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà bí ọmọdé. Lójú ewé kẹfà, ó mú ìka kúrò. Lójú ewé kẹsàn-án, ó rẹ́rìn-ín lójijì, ó ní, “Ó kí ẹṣin!” Ìbíwùmí ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Lójú ewé kọkàndínlógún, ó dúró.

“O kọ ọ́ níbí pé lẹ́tà mọ́kànlá ni àwọn òṣìṣẹ́ reluwé rán. Lójú ewé kẹrin, méjìlá lo pè é. Èwo ni ká mú?”

Ìbíwùmí ṣí ìwé tirẹ̀, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Méjìlá ni, mà. Mo ṣìṣe.”

“Tún un ṣe.” Alága yíjú sí agolo orí tábìlì. “Eléyìí ò sì rí i.”

“Kì í wo ìyẹn, mà,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣèyí wí jẹ́jẹ́. “Ó kàn ń wò ó bóyá òun lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni.”

“Ìwọ Ìbíwùmí,” ni alága wí, “ṣé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ńlá yìí náà ni ìkíni? Ṣé kò sí ibì kankan tí ọkùnrin yìí ti fẹ́ fọ́nnu tiẹ̀?”

“Ó wà, mà. Lẹ́tà kẹsàn-án. Ó wà lójú ewé kejìlélógún.”

“N ò tíì débẹ̀.”

“Ẹ máa débẹ̀, mà.”

Bámgbàlà náà ti fa ojú ewé tí ìyá náà kà tán mọ́ra. Ó kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, nígbà tó yá ó gbàgbé aago márùn-ún. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn máńgòrò kí alága tó dé ojú ewé méjìdínlógójì. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

“‘N kò mọ̀.’ Kí lo fẹ́ kí n fi èyí ṣe?”

“Ẹ gbà á bó ṣe wà ni, mà. Mo wá a, n ò rí i.”

“Ibo lo wá a dé?”

“Ìkìrun, lẹ́ẹ̀mẹrìnlá. Ìwé ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Mo dé Kánò, mo wá orúkọ ọkọ náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, n ò rí i. Mo tún bi Màmá tó ni ìwé lónìí. Òun náà ò mọ̀.”

Alága na ọwọ́ sí ìwé tí ẹ̀rọ kọ, ó ṣí i títí ó fi rí ibi tó ń wá. “Mo-Ti-Mọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ní àánú ọkọ ló ṣe akọ̀wé, ó sì fi ìdí mẹ́rin tì í.” Ó wo agolo náà. “Ibo lo ti rí i?”

“Ẹ ṣé fún ìbéèrè yín,” ni ẹ̀rọ wí. “Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn.”

Ìyá náà bọ́ awò ojú sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tó fi ń nu ojú, Ìbíwùmí kò sì mọ̀ bóyá àárẹ̀ ni tàbí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ orí agolo náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àfi bí ẹni tó ń dí ihò omi. Iná pupa kú.

“Ìtẹ̀ka alága ti wọlé,” ni ẹ̀rọ wí. “Iṣẹ́ yìí ta ko àsọtẹ́lẹ̀ mi ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré. Ìgbìmọ̀ àgbà yóò béèrè ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi gbà á.”

“Kọ ọ́,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sànyàolú wí, “pé mo kà á.”